Iṣẹ́ Alábàárìn: Bí Ẹni Tí Àìsàn Ọpọlọ Ti Ṣe Rí Ṣe Lè Bá Ẹlòmíràn Rìn

“Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a wí.”

Ọ̀rọ̀ tí ìyá kan kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Peckham, ní London, kí n tó bọ́ bàtà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn ni, ó ti ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, kì í jáde. Ìyá rí mi, ó rí i pé Yorùbá ni mí, ó rò pé ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ gún ọmọ òun lára ti dé. Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà, mi ò wá bá a wí.” Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ yẹn, àfi bíi pé mo ń jẹ owó ìjọba lásán.

Bí o bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí nílùú Ọba, ìdáhùn yẹn ni kí o kọ́kọ́ kọ́. Òun ló sì ṣòro jù fún ọmọ Yorùbá, torí ìmọ̀ràn ni wọ́n fi tọ́ wa: àgbà tí kò bá gbani nímọ̀ràn, wọ́n á ní kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Níbí, ohun tí wọ́n ń sanwó fún ni kí o mọ ìgbà tí wàá pa ẹnu mọ́.

Peer support worker ni NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ń pè é. Alábàárìn ni èmi ń pè é, torí ìrìn la ń bá ènìyàn rìn. Ẹni tí àìsàn ọpọlọ ti ṣe rí ni, tí ara rẹ̀ ti mókun tó láti jókòó ti ẹni tó ṣì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe pásítọ̀, kì í sì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Ọgbọ́n náà kì í ṣe ti òní. Jean-Baptiste Pussin, tó di alábòójútó ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú sí nílé ìwòsàn Bicêtre ní Paris, aláìsàn lòun náà kọ́kọ́ jẹ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn ara ni tirẹ̀, kì í ṣe ti ọpọlọ. Òun ló sì ní kí wọ́n bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lára wọn ní 1797. Nílé wa, láti 1954 tí Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sáàárín ènìyàn.

Kí o tó kọ̀wé béèrè fún iṣẹ́

Kò sí òfin tó ní ọdún báyìí ni ara rẹ gbọ́dọ̀ ti yá. Dán ara rẹ wò. Jókòó ti ọ̀rẹ́ kan tó ṣeé fọkàn tán, kí o ròyìn ọjọ́ tó burú jù fún un láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí o bá sọ ọ́ tán, tí o jẹun, tí o sì rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, o ti ń súnmọ́ ọn. Bí àyà rẹ bá ń já títí ilẹ̀ fi mọ́, kò tíì tó àkókò. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mú bébà. Kọ àwọn àmì tí ara rẹ máa ń fi hàn kí àìsàn tó dé. Tèmi ni pé mo máa ń pa fóònù, mi ò ní di irun mọ́, mo sì máa ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ láàárín òru. Kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè, àti ohun tí o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe fún ọ nígbà náà. WRAP ni wọ́n ń pe irú ètò yìí. Vermont ní Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ ní 1997, látọ̀dọ̀ Mary Ellen Copeland àti àwọn mìíràn tí wọ́n ti ṣàìsàn fúnra wọn. Kọ tìrẹ kí o tó ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kọ tiẹ̀, torí ibi tí ọwọ́ rẹ ti dúró nígbà tí o ń kọ ọ́ ni ti ẹlòmíràn náà máa dúró.

Fọ́ọ̀mù àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Orí ìkànnì NHS Jobs ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà máa ń wà. Wá “peer support worker”, kí o tún wá “lived experience”, torí orúkọ tí wọ́n ń fún un kò dọ́gba. Ní ti ipele owó oṣù NHS, Band 3 ni ọ̀pọ̀, díẹ̀ jẹ́ Band 4. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú bíi Mind àti Rethink náà máa ń gbani, wọ́n sì máa ń gba olùyọ̀ǹda ara-ẹni. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Wẹsidé kan lọ́sẹ̀.

DBS, ìwádìí tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gbani síṣẹ́, máa ń kó ọkàn àwọn ènìyàn wa sókè. Ọ̀rọ̀ ọ̀daràn àti ọlọ́pàá ni wọ́n ń wò níbẹ̀, wọn kì í ṣí fáìlì ilé ìwòsàn rẹ. Ní ti owó ìrànwọ́, PIP, tí wọ́n ń fún ẹni tí àìsàn ń dí lọ́wọ́, kì í dúró nítorí pé ènìyàn ń gba owó oṣù. Universal Credit, ti ẹni tí owó rẹ̀ kéré, ló máa ń dín kù bí owó ṣe ń wọlé. Lọ bá Citizens Advice, ẹgbẹ́ tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣírò tìrẹ kí o tó fọwọ́ síwèé, má gba ìròyìn gbọ́ lẹ́nu ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọn yóò bi ọ́ pé báwo ni wàá ṣe lo ohun tí ojú rẹ ti rí. Ibí yìí la ti máa ń ṣubú, nítorí pé a máa ń jẹ́rìí. Ẹ̀rí ṣọ́ọ̀ṣì ní ìbẹ̀rẹ̀ burúkú àti òpin ológo, gbogbo ìjọ á sì pariwo halelúyà. Àárín rẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń wá, ibi tí kò sí ìlù. Èmi sọ fún wọn pé oṣù mẹ́ta ni mo fi sùn lórí àga nítorí pé bẹ́ẹ̀dì ń bà mí lẹ́rù, àti pé ẹnì kan wà tó máa ń wá jókòó, tí kò béèrè ìdí. Mo ní irú ẹni yẹn ni mo fẹ́ jẹ́. Wọ́n gbà mí.

Ìwọ náà bi wọ́n: ta ni yóò máa ṣe supervision fún mi, ìyẹn ìjókòó tí ẹnì kan ti máa ń bá òṣìṣẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ṣé alábàárìn ni àbí nọ́ọ̀sì? Ṣé èmi nìkan ni mo máa wà láàárín yín? Bí wọ́n bá ń wo ojú ara wọn, rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Sọ ohun tí o nílò láti ibẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, Equality Act ti 2010, òfin tó lòdì sí ojúsàájú lẹ́nu iṣẹ́, wà lẹ́yìn rẹ. Oògùn alẹ́ mi kì í jẹ́ kí n tètè jí, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé aago mẹ́wàá ni mo ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nílé onílé

Ọmọ ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní Túndé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, kò ṣílẹ̀kùn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níta yàrá rẹ̀, mo dárúkọ ara mi, mo ní èmi náà ti gbé wọ́ọ̀dù rí, kì í ṣe ní aṣọ nọ́ọ̀sì. Mo ní ogún ìṣẹ́jú ni mo máa wà níbẹ̀, bí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kò burú. Kò fọhùn. Ogún ìṣẹ́jú pé, mo dìde, mo ní ó di Ọjọ́bọ̀, aago méjìlá. Ní Ọjọ́bọ̀, aago méjìlá, mo wà lórí àtẹ̀gùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Dá àkókò, dé lákòókò, lọ lákòókò. Ẹni tí wọ́n ti fi agbára gbé rí kì í fọkàn tánni nítorí ọ̀rọ̀ dídùn. Ó ń ṣọ́ bóyá o máa ṣe ohun tí o ní wàá ṣe. Lọ́sẹ̀ kẹrin, mo gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá: “Which ward?” Mo dárúkọ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní, “Ṣé tíì ibẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́?” Mo ní kò tíì gbóná látìgbà tí wọ́n ti kọ́lé náà. Ó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èyí nìkan ni mo tó bi í pé kí ló fẹ́. Kì í ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé ètò ìtọ́jú. Ó ní òun fẹ́ gẹrun. Irun rẹ̀ ti kún, ó ti dì mọ́ra, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi síṣọ́ọ̀sì kan orí òun nínú ilé. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ òun ní Rye Lane ló fẹ́ lọ.

A gé ìrìn náà wẹ́wẹ́. Lọ́jọ́ kan, ẹnu géètì. Lọ́jọ́ kejì, ibùdókọ̀, a wo bọ́ọ̀sì 36 mẹ́ta kọjá, a padà sílé. Lẹ́yìn rẹ̀ a wọ̀ ọ́, ibùdó méjì péré. A dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, a wo inú rẹ̀ láti ìta gíláàsì, ó ní ó tó fún òní. Ọ̀sẹ̀ méje kí ó tó jókòó sórí àga náà. Bí o bá ń ṣe irú ìrìn báyìí, ẹ fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó jáde: àmì tí yóò fi sọ pé òun fẹ́ padà, tiwa ni kí ó fọwọ́ kan etí, ẹni tí yóò san owó ohun tí ẹ bá rà, àti orúkọ tí wàá jẹ́ bí ẹnì kan bá béèrè. Túndé ní “Aunty mi” lòun máa pè mí. Lójú Yorùbá, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Sọ fún ọ́fíìsì pẹ̀lú ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí o máa pè wọ́n padà, kódà bí ó bá jẹ́ òdìkejì títì.

Bí o ṣe máa lo ìtàn rẹ

Bí iyọ̀ ni. Kò sí ọbẹ̀ tó dùn láìsí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ ní ìkúnwọ́. Kí o tó la ẹnu, bi ara rẹ pé ta ni ọ̀rọ̀ yìí máa ṣe láǹfààní, èmi ni àbí òun? Bí ó bá jẹ́ ìwọ, gbé e lọ sí supervision. Bí ó bá jẹ́ òun, sọ ọ́ ní kúkúrú, kí o sì dá ọ̀rọ̀ padà sí i lọ́wọ́. Má ṣe sọ pé “mo mọ bó ṣe rí lára yín.” O kò mọ̀ ọ́n. Sọ pé, “Bó ṣe rí lára tèmi nìyí. Tiyín ńkọ́?” Àwọn ìtàn kan sì wà tí o kò gbọ́dọ̀ mú lọ sóde rárá, àwọn tí egbò wọn kò tíì san. Kọ wọ́n sílẹ̀ kí o mọ̀ wọ́n.

Bó bá jẹ́ ilé Yorùbá

Kò dìgbà tó bá jẹ́ ilé Yorùbá ni wàá ṣiṣẹ́, mo ti bá ará Bangladesh àti ará Ireland rìn. Àmọ́ wọn yóò sáà máa rán ọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tiwa, ó sì ní ewu tirẹ̀.

Kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹnì kan á ní ọdẹ orí ló ń ṣe òun, nǹkan ń rìn lórí òun, ń ta òun. Òmíràn á ní iṣẹ́ ayé ni. Dókítà á kọ nǹkan mìíràn sílẹ̀. Má bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ. Lo èyí tí ẹni náà ń lò, kí o béèrè bí ó ṣe ń dà á láàmú lójoojúmọ́. Wàá tún gbọ́ “wèrè” lẹ́nu àwọn ẹbí, wàá gbọ́ pé bí wèrè bá san tán, ó máa ku èyí tí yóò fi máa dẹ́rù ba ọmọdé. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ níwájú mi, mo ní, “Ẹ bi mí, Mà, èwo ló kù lára tèmi?” Yàrá dákẹ́. Mi ò ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní o.

Ọ̀rọ̀ kíkí nìkan tó láti dá gbogbo rẹ̀ rú. Òfin àṣírí ní bí o bá pàdé ẹni tí ẹ jọ ń rìn níta, má dá a mọ̀ àyàfi tó bá kọ́kọ́ kí ọ. Wá fi ìyẹn ṣe ìyá ẹni ọdún 68 ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí o wò ó kí o gbójú kúrò: àbùkù ńlá ni, ìjọ tó bá rí i á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti ṣètò rẹ̀. Èmi máa ń ní, “Mà, bí mo bá rí yín níta, ṣé kí n kí yín bí mo ṣe ń kí gbogbo àgbà, kí n má sì dúró?” Gbogbo wọn ló máa ń gbà. Ọjọ́ orí pàápàá yẹ kí ẹ sọ. Ọmọ ló máa pè ọ́, “ẹ” ni wàá máa fi bá a sọ̀rọ̀, kò sì dí iṣẹ́ lọ́wọ́, níwọ̀n ìgbà tí o kò bá jẹ́ kó rán ọ níṣẹ́ ilé.

Má ṣe ògbufọ̀ níbi ìpàdé dókítà. Ní kí wọ́n pe ògbufọ̀. Ọjọ́ tí o bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún dókítà, o ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni náà.

Mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń ba àwọn ènìyàn wa. Ní 2010, Olaseni Lewis, ọmọ ọdún 23, kú lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nílé ìwòsàn ọpọlọ ní London. Òfin ọdún 2018 lórí lílo agbára ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Seni's Law. Ọ̀pọ̀ ìyá ló mọ orúkọ yẹn. O kò ní agbára kankan lábẹ́ Mental Health Act ti 1983, òfin tí wọ́n fi ń dá ènìyàn dúró sílé ìwòsàn ọpọlọ bí kò tilẹ̀ fẹ́, ṣùgbọ́n mọ̀ pé ìdádúró lábẹ́ section 2 (abala kejì) kò lè ju ọjọ́ 28 lọ, pé section 3 lè tó oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó tún un ṣe, àti pé ẹni tó bá kúrò lórí section 3 ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ section 117, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò sẹ́ni tó sọ ìkẹyìn yìí fún wọn rí.

Bí ẹnì kan bá ní ayé ti sú òun

Yorùbá kì í sábà pe ọ̀rọ̀ yìí lórúkọ. Wàá gbọ́ “ó ti sú mi”, wàá gbọ́ “kí Ọlọ́run kúkú wá mú mi”, wàá gbọ́ “bí mi ò bá sí mọ́, gbogbo yín á sinmi.” Má fò ó. Má sì ké “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” torí ìlẹ̀kùn lo tì yẹn. Béèrè láìfi bò: “Ṣé ẹ ń rò ó láti pa ara yín ni?” Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà síni lórí. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, béèrè bóyá ó ti mọ bí yóò ṣe ṣe é àti ìgbà wo. Má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Pe ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níwájú rẹ̀ gan-an, má jáde lọ pè é ní kọ̀rọ̀. Bí ewu bá ti dé, 999 ni. Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, pe NHS lórí 111 kí o sì tẹ 2. Samaritans, ẹgbẹ́ tó ń gbọ́ ẹni tí ayé sú, wà lórí 116 123 tọ̀sántòru, lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí èyí, má ṣèlérí àṣírí fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sọ pé, “Ohun tí ẹ bá sọ, mi ò ní gbé e kiri. Àmọ́ bó bá jẹ́ ti ẹ̀mí yín tàbí ẹ̀mí ẹlòmíràn, màá sọ, màá sì sọ fún yín pé mo fẹ́ sọ.”

Àwọn tó ti Nàìjíríà dé máa ń bẹ̀rù pé wọ́n á ti àwọn mọ́lé. Ẹ̀rù náà nídìí: abala 327 nínú Criminal Code fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan lélẹ̀ fún ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ní England, Suicide Act ti 1961 ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀. Sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó béèrè.

Oògùn, àti àṣìṣe tèmi

Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ láti ní kí ẹnikẹ́ni lo oògùn tàbí kó má lò ó. Ohun tí ìwé inú páálí kò sọ ni tìrẹ. Ìwé sọ pé clozapine, ọ̀kan nínú oògùn ọpọlọ, máa ń mú itọ́ dà lóru. Kò sọ pé kí o tẹ́ táwẹ̀lì sórí ìrọ̀rí, kí o yí i sódì lọ́gànjọ́, kí o sì mú òmíràn dání bí o bá fẹ́ lọ sùn nílé àna. Ní ọ̀sẹ̀ 18 àkọ́kọ́ tí ènìyàn ń lò ó, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bíbá ènìyàn jókòó níbẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ gidi ni.

Mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé rí. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ọ̀gá kan ní obìnrin kan ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, kí n bá wọn sọ fún un kó gba abẹ́rẹ́ oògùn ọpọlọ tí wọ́n ń gún lóṣooṣù. Inú mi dùn pé wọ́n rí ìwúlò mi. Mo lọ. Obìnrin náà wò mí títí, ó ní, “Háà. Ìwọ náà.” Ó gba abẹ́rẹ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá rán ọ nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ pé, “Mo lè bá a jókòó kó kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà. Mi ò lè bá yín bẹ̀ ẹ́.” Ojú á kọ́kọ́ ti ọ láti sọ ọ́ fún ọ̀gá. Fi dánra wò nílé.

Ìwé kíkọ kò gùn. Òfin fún ẹni náà láyè láti béèrè fáìlì rẹ̀, nítorí náà kọ ọ́ bíi pé ó dúró lẹ́yìn rẹ. Dípò “ó kọ̀ láti kópa”, kọ “ó ní òun kò rí oorun sùn, òun kò fẹ́ jáde lónìí.” Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn ìpàdé ni mo fi ń kọ ọ́, tí mo ń kà á sí i létí.

Bí ara tìrẹ bá fẹ́ yí padà, sọ fún supervisor nígbà tí o rí àmì kejì, má dúró de ẹ̀karùn-ún. Lọ́dún kẹta mi, mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nítorí abọ́ tí mo ń fọ̀ lóru. Mo ní kí wọ́n sọ fún àwọn tí a jọ ń rìn pé ara mi kò yá, wọ́n sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan àfi Túndé, tó ní ṣé mo sùn.

Ìpàdé ìkẹyìn

Ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti dá ọjọ́ tí yóò parí, kí o sì máa rán an létí. Ẹni tí àwọn ènìyàn ti ń pòórá mọ́ lójú kò yẹ kí ìwọ náà pòórá mọ́ ọn lójú. Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, èmi àti Túndé jọ kọ ohun tó ti ṣe sórí bébà kan, ó fi lẹ ògiri. A tún ọ̀rọ̀ kíkí sọ. Ó ní bí òun bá rí mi ní Rye Lane, òun á dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó má dán an wò, bọ́ọ̀sì ń kọjá níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kúlà mọ́ínmọ́ín. Wádìí ohun tí òfin ibi iṣẹ́ rẹ sọ nípa ẹ̀bùn kí irú ọjọ́ yìí tó dé, torí ẹni tó bá kọ oúnjẹ ìyá Yorùbá lẹ́nu ọ̀nà ti ba ohun tó tún ṣe jẹ́. Mo jókòó, mo jẹ ẹyọ kan lójú rẹ̀, mo ní kí ó kó ìyókù fún ọmọ. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀bùn: mọ́ínmọ́ín, ẹyọ kan, ẹyin wà nínú rẹ̀.